Tai chi ìran Chen: ibi tó ti wá, àti bí ẹni tí orúnkún ń dùn ṣe lè kọ́ ọ

Bọ̀dá kan kọ̀wé sí mi láti London, wọ́n ní àwọn ti pé ẹni ọdún 54, àwọn ń lọ sí kíláàsì tai chi kan ládùúgbò àwọn, tíṣà sì sọ fún àwọn pé bàbá ẹlẹ́sìn kan tó ń jẹ́ Zhang Sanfeng ló dá a sílẹ̀ lórí òkè Wudang lẹ́yìn tó rí ẹyẹ àti ejò tí wọ́n ń jà. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n wo fídíò àwọn ará Chen lórí YouTube, wọ́n rí i pé àwọn yẹn ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ gbìì, wọ́n ń fò, ọwọ́ wọn ń jáde fìà bí ẹni tó fẹ́ lu èèyàn. Wọ́n wá bi mí pé ṣé tai chi náà nìyẹn, ta ló dá a sílẹ̀ gan-an, ṣé ẹni tí orúnkún ti ń dùn sì lè kọ́ ọ.

Ẹ kú ìbéèrè o, bọ̀dá mi. Tai chi ni ohun tí ẹ rí yẹn. Kódà òun ni àgbà nínú gbogbo tai chi tí èèyàn lè fi ìtàn tọ ipasẹ̀ rẹ̀, èyí tí ẹ ń ṣe ní kíláàsì yín tó jẹ́ pé jẹ́jẹ́ ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ìjà ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ yẹn ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ara, ìjanlẹ̀ àti fìà tí ẹ rí ni èso ẹ̀kọ́ náà, ẹni tó bá mú ọ̀kan tó fi ìkejì sílẹ̀, ìdajì ló mú o. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú gbogbo àlàyé mi nìyẹn, torí orí ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ orúnkún yín máa dá lé.

Ká kọ́kọ́ mú ti Zhang Sanfeng kúrò lọ́nà. Mi ò bá tíṣà yín jà, ọ̀pọ̀ tíṣà ló ń sọ ọ́ torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n àlọ́ ni. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń rí orúkọ bàbá yẹn fà yọ ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀mọ̀wé kan, Huang Zongxi, kọ sí ojú ibojì Wang Zhengnan lọ́dún 1669, ìjà ọwọ́ kan tí wọ́n pè ní ti inú ló sì ń sọ níbẹ̀, kò dárúkọ taijiquan, ìyẹn orúkọ tai chi ní kíkún, rárá. Ìgbà tí ọ̀rúndún 19 ń parí lọ tí 20 ń wọlé ni àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá so orúkọ náà mọ́ taijiquan. Òkè Wudang wà lóòótọ́, wọ́n sì ń kọ́ tai chi níbẹ̀ lónìí dáadáa, ṣùgbọ́n pé ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀, kò sí ẹ̀rí tó lè dúró.

Abúlé kan ló ti ṣẹ̀. Chenjiagou lorúkọ ẹ̀, ó wà ní Wenxian ní ìpínlẹ̀ Henan, àárín gbùngbùn Ṣáínà, apá àríwá odò Huang He. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Ìran Chen ò sì ti ibẹ̀ ṣẹ̀, bàbá ńlá wọn tó ń jẹ́ Chen Bu ló kó wá láti Hongdong ní ìpínlẹ̀ Shanxi, nígbà tí ìjọba Ming ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè ní ọ̀rúndún 14, tí ogun ti sọ Henan di ahoro, tí ìjọba wá ń kó àwọn èèyàn láti ibòmíràn wá tún ibẹ̀ tẹ̀dó. Ilẹ̀ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí, tí olè àti jàǹdùkú ò jẹ́ kó sinmi, ẹni tó bá fẹ́ kórè oko ẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìjà, torí náà ìjà ti wà nínú ìdílé yẹn kí ẹnikẹ́ni tó máa pe nǹkan kan ní tai chi.

Ìran kẹsàn-án wọn ló bí Chen Wangting, ẹni yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó fi ẹ̀rí kọ ìtàn gbà pé ó kó gbogbo ẹ̀ jọ. Ológun ni. Lọ́dún 1644 ìjọba Ming wó, àwọn Manchu gba ìlú, Qing bẹ̀rẹ̀, bàbá yìí sì padà sílé. Ewì kan wà tí wọ́n ní òun ló kọ ọ́ nígbà ogbó, ó ń rántí ìgbà tó fi wọ aṣọ ogun káàkiri, ó ní báyìí tí òun ti darúgbó, ìwé Huangting nìkan ló kù tó ń bá òun gbélé, tí ọkàn òun bá dàrú òun a jókòó ti ìjà tí òun ń dá sílẹ̀, tíṣẹ́ bá dé òun a roko, tí àyè bá wà òun a kọ́ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ìwé Huangting yẹn, ìwé àwọn ẹlẹ́sìn Tao ni, ọ̀rọ̀ èémí àti bí èèyàn ṣe ń tọ́jú agbára inú ara ló wà níbẹ̀. Ẹ wo ohun tó parapọ̀ síbẹ̀ yẹn: ọ̀gá ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, oko, ìwé èémí, àwọn ọmọ tó ń wò ó. Bí wọ́n bá bi mí, ìtàn yìí dùn ju ti ẹyẹ àti ejò lọ.

Ẹ̀rí tún wà nínú orúkọ àwọn ìṣísẹ̀ fúnra wọn. Ọ̀gágun Qi Jiguang, ẹni tó bá àwọn ajalèlókun jà létíkun Ṣáínà, kọ ìwé kan ní nǹkan bí ọdún 1560 tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ẹ̀, orí kan nínú ẹ̀ jẹ́ ti ìjà ọwọ́, ìdúró 32 ló wà níbẹ̀. Nígbà tí Tang Hao, ọ̀gbẹ́ni tó kọ́kọ́ fi ojú òpìtàn wo ọ̀rọ̀ yìí, lọ sí Chenjiagou ní àwọn ọdún 1930 tó sì fi wọ́n wéra, 29 nínú 32 yẹn ló bá nínú ìjà ìran Chen. Ẹ ò lè sọ pé ẹyẹ kankan ló kọ́ wọn nìyẹn. Chen Wangting mú ohun tí àwọn ológun ìgbà ẹ̀ mọ̀, ó wá yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà látinú. Àwọn ará Zhaobao, abúlé tí ò jìnnà síbẹ̀, ní ìtàn tiwọn o, wọ́n ní Jiang Fa ló gbé e wá, àríyànjiyàn yẹn ò tíì tán láàárín wọn. Èmi gbà pé ibi tí ẹ̀rí pọ̀ sí ni ká dúró sí. Ní December 2020 tí UNESCO kọ taijiquan mọ́ àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, Wenxian ní ọ̀rúndún 17 náà ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ló wá ṣe di ohun tí ìyá àgbà ń ṣe nínú páàkì? Ọ̀rọ̀ Yang Luchan nìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ìran, inú ilé ni wọ́n ń kọ́ ọ sí ní Chenjiagou, ará ìta ò sí níbẹ̀. Ìgbà tó kan ìran kẹrìnlá, Chen Changxing (1771–1853) ni ọ̀gá, òun náà ni wọ́n sọ pé ó to àwọn ìṣísẹ̀ náà jọ di èyí tí wọ́n ń pè ní Laojia lónìí, ìyẹn ti àtijọ́, apá kìíní àti apá kejì. Yang Luchan (1799–1872) wá láti Yongnian ní ìpínlẹ̀ Hebei, ọ̀dọ́ aláìní tó wá ṣiṣẹ́ lábúlé náà, Chen Changxing sì gbà á bí ọmọ ẹ̀kọ́. Ìtàn tó gbajúmọ̀ ni pé ṣe ló ń yọjú wò wọ́n lóru títí tọ́wọ́ fi tẹ̀ ẹ́, adùn ìtàn nìyẹn o, ẹ má gbé e lé orí. Ohun tó dájú ni pé ó kọ́ ọ fún ọdún gbọọrọ, ó padà sílé, ó wá gba Beijing lọ, ó ń kọ́ àwọn ọmọ aládé àti ẹ̀ṣọ́ ààfin, wọn ò sì rí ẹni tó lè nà án, ni wọ́n bá ń pè é ní Yang tí a kì í borí. Àwọn ọmọ ẹ̀ àti ọmọ-ọmọ ẹ̀ ló rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, pàápàá Yang Chengfu (1883–1936), ó yọ ìfò àti ìjanlẹ̀ kúrò, ó jẹ́ kó máa ṣàn geere ní ìwọ̀n kan náà. Lára ti Yang yẹn ni ìjọba Ṣáínà ti gé ìṣísẹ̀ 24 jáde lọ́dún 1956 kí gbogbo mẹ̀kúnnù lè rí i kọ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ni tíṣà yín ń kọ́ yín. Sítáìlì Wu, ti Sun, gbogbo wọn ló fi ọ̀nà kan tàbí òmíràn padà sọ́dọ̀ ìran Chen.

Ẹ̀yin tó ń wo fídíò lónìí, ó lè má hàn sí yín bó ṣe kù díẹ̀ kí ti Chen fúnra ẹ̀ parun, ibí yìí sì máa ń dùn mí tí mo bá ń sọ ọ́. Lọ́dún 1928 ni Chen Zhaopi àti lẹ́yìn ẹ̀ àbúrò bàbá ẹ̀ Chen Fake (1887–1957) gba Beijing lọ láti kọ́ni. Àwọn ará Beijing ti mọ tai chi sí ohun rírọ̀, ìgbà tí wọ́n rí èyí tí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń ṣe é, ìbéèrè yín gan-an ni wọ́n bi pé ṣé tai chi nìyí. Chen Fake dúró síbẹ̀, ó ń kọ́ni títí ó fi kú, látọwọ́ ẹ̀ ni Xinjia ti wá, ìyẹn ti tuntun, èyí tí lílọ́ ọwọ́ hàn nínú ẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nílé, ogun Jàpáàn dé, ìyàn ńlá Henan ti 1942 dé, àwọn tó mọ̀ ọ́n kú tàbí wọ́n sá. Nígbà tí Chen Zhaopi padà sí abúlé lọ́dún 1958, lẹ́ni ọdún 65, lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba tó ṣe lórí odò Huang He, kò rí ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n bó ṣe yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ó lè jókòó kó máa jẹ owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ jàre. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó kó àwọn ọmọdé jọ sínú ilé ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ìyípadà Àṣà ti Mao bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1966, tí ohun àtijọ́ di ohun ẹ̀sùn, ó ṣì ń kọ́ wọn lábẹ́lẹ̀. Ó kú lọ́dún 1972. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ yẹn, Chen Xiaowang, Chen Zhenglei, Wang Xi'an àti Zhu Tiancai, ni wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ayé, tí ẹ bá rí kíláàsì Chen kan ní London, ó ṣòro kí tíṣà ibẹ̀ má wá látọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn tàbí látọ̀dọ̀ ọmọ Chen Fake, Chen Zhaokui. Iṣẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo tí kò gbà kó kú mọ́ òun lọ́wọ́ ni gbogbo ohun tí a ń jẹ lónìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ara ọ̀rọ̀ gan-an. Ohun tó ya Chen sọ́tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní chansi jin, agbára lílọ́. Ẹ wo ẹni tó ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tán, kì í fà á, kì í tì í, ṣe ló ń lọ́ ọ láti ìdí dé orí títí omi fi jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí, àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ẹsẹ̀ lọ́, ìbàdí yí, ẹ̀yìn gbé e, èjìká sọ̀ kalẹ̀, ìgúnpá, ọrùn ọwọ́, ó wá jáde ní ìka. Ọwọ́ kì í dá rìn. Tí ìbàdí ò bá yí, ọwọ́ ò lọ síbì kankan. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é jẹ́jẹ́ nìyẹn, torí tí ẹ bá yára, ọwọ́ á ti ṣáájú ìbàdí lọ kí ẹ tó mọ̀, ẹ ò ní rí ibi tó ti já. Jẹ́jẹ́ máa ń tú àṣírí. Tó bá wá di pé kò já mọ́ níbì kankan, a lè jẹ́ kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, fìà, ìyẹn fajin tí ẹ rí lórí fídíò, kò sí ipá nínú ẹ̀ rárá, ìtúra tó jáde ní ìṣẹ́jú akàn ni.

Ẹ gbìyànjú eléyìí lónìí, ẹ ò nílò tíṣà fún un. Ẹ ya ẹsẹ̀ yín ju èjìká lọ díẹ̀, ẹ rọ orúnkún díẹ̀ péré, ọwọ́ òsì lórí ìbàdí, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún sí ọ̀tún, kó ga tó èjìká, kí ìgúnpá sọ̀. Ẹ gbé ìwúwo ara lọ sí ẹsẹ̀ òsì, kí ọwọ́ ọ̀tún wálẹ̀ wá síwájú ikùn. Ẹ wá yí ìbàdí díẹ̀ sí òsì, ọwọ́ á gòkè wá sí iwájú àyà. Ẹ dá ìwúwo padà sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹ yí ìbàdí sí ọ̀tún, ọwọ́ á ṣí jáde padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó tán. Ìyípo kan nìyẹn, ẹ máa ṣe é lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ọwọ́ kejì. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ ni pé ìwúwo àti ìbàdí ló ń gbé ọwọ́, tí ẹ bá rí i pé èjìká ti gbéra sókè, ọwọ́ ti ń dá ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ mí jáde kẹ́ ẹ jẹ́ kó sọ̀.

Ìjanlẹ̀ tó bà yín lẹ́rù ńkọ́? Ìbẹ̀rẹ̀ Laojia Yilu, ìyẹn apá kìíní ti àtijọ́, gan-an ló ti wà, ìṣísẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jin Gang Dao Dui, ìyẹn Ẹ̀ṣọ́ Buddha Gún Odó. Ọwọ́ méjèèjì gòkè, wọ́n yí sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ síwájú, ọ̀tún tẹ̀ lé e, ọwọ́ òsì di odó níwájú ikùn, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún àti orúnkún ọ̀tún gbéra sókè pọ̀, ẹ̀ṣẹ́ wá já sínú àtẹ́lẹwọ́ òsì, ẹsẹ̀ sì já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n á fi ipá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, gìgísẹ̀ á gbà á, orúnkún á gbà á, egungun ẹ̀yìn á gbà á. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ òsì ló ń gbé ara ẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún kàn já bọ́ ni, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ balẹ̀ pẹrẹsẹ, ìró ẹ̀ jinlẹ̀ kò lágbára létí. Ẹ̀yin o, ẹ má janlẹ̀ rárá. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn àgbà Chenjiagou fúnra wọn ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò dín nǹkan kan kù nínú ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ orúnkún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí. Tai chi kì í ba orúnkún jẹ́, àṣìṣe méjì ló ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́, kí èèyàn máa lọ́ orúnkún dípò ìbàdí. Orúnkún mọ bó ṣe ń ká àti bó ṣe ń nà, kò mọ lílọ́, ibi tó yẹ kó yí ni ojú ibi tí itan ti pàdé ikùn, tí ibẹ̀ bá le gbagidi, ara á wá yí láti orúnkún torí pé ó gbọ́dọ̀ yí níbì kan. Ẹ máa wò ó pé orúnkún dojú kọ ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ dojú kọ, kó má wọnú, kó má sì kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ yí ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé ìwúwo kúrò lórí ẹ̀. Ìkejì ni ìdúró tó relẹ̀ jù, àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi yangàn nínú fídíò, itan wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Kò kàn yín. Ẹ dúró sókè bí ẹni tó fẹ́ fìdí le àga gíga, ìdúró gíga tó tọ̀nà sàn ju ìdúró ilẹ̀ tó wọ́ lọ ní gbogbo ọ̀nà. Iṣan itan á máa rẹ̀ yín, ìyẹn dáa, kò léwu. Tó bá jẹ́ inú oríkèé orúnkún ló ń dùn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ máa fara dà á. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí dókítà wo orúnkún náà kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣe é.

Ní ti ètò ẹ̀kọ́, bí wọ́n ṣe ń to ó nìyí: ìdúró jẹ́ẹ́ tí wọ́n ń pè ní zhan zhuang ló ṣáájú, lẹ́yìn náà lílọ́ tí mo ṣàlàyé, lẹ́yìn náà Laojia Yilu tó ní ìṣísẹ̀ bíi 75, ibẹ̀ lẹ máa pẹ́ sí jù lọ, ọdún kan ò lè kó o délẹ̀. Tí ìyẹn bá múlẹ̀ ni tuishou, ẹni méjì fọwọ́ kan ara wọn, ẹnì kan tì, ìkejì gbà á ó yí i dànù, ìgbà náà lẹ máa mọ̀ bóyá ara yín rọ̀ lóòótọ́ tàbí ẹ kàn ń rò bẹ́ẹ̀. Apá kejì, Pao Chui, tó jẹ́ kìkì fìà àti ìfò, àti idà, ọ̀kọ̀, àwọn yẹn fún ẹni tó bá fẹ́. Tí Yilu bá gùn jù fún yín, Chen Xiaowang ti ṣe ìṣísẹ̀ 19 kan, Chen Zhenglei náà ṣe 18, wọ́n dáa fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún bèèrè nínú lẹ́tà yín bóyá àǹfààní ìlera ẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ó wà. Lọ́dún 2012 ìwé ìròyìn New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde láti Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn 195 tó ní àrùn Parkinson, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, àwọn tó ṣe tai chi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24 dúró dáadáa ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì ṣubú kéré sí àwọn tó kàn ń na ara. Àwọn ìṣísẹ̀ tí wọ́n ṣà jọ fún àwọn aláìsàn ni wọ́n lò o, kì í ṣe Laojia, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwádìí yẹn polówó sítáìlì kan lé yín lórí. Ó fi hàn pé gbígbé ìwúwo láti ẹsẹ̀ kan sí ìkejì jẹ́jẹ́, pẹ̀lú àfiyèsí, ń kọ́ ara láti má ṣubú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé qi òun, ìyẹn agbára inú ara, á wo jẹjẹrẹ sàn, ẹ sá.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ wo kíláàsì Chen, ẹ bèèrè lọ́wọ́ tíṣà pé ta ló kọ́ ọ, kó sì dárúkọ ẹni náà láìfi falẹ̀. Ẹ wo àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ tó ti pẹ́ níbẹ̀, pàápàá àwọn tó jẹ́ ọjọ́ orí yín, ẹ wò bí wọ́n ṣe ń rìn kúrò ní kíláàsì. Ẹ sọ fún un nípa orúnkún yín kó tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ní kẹ́ ẹ ṣì dúró sókè, tó fọwọ́ kan ìbàdí yín láti tún un ṣe, ẹ dúró níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ní kẹ́ ẹ máa janlẹ̀, ẹ gbé báàgì yín. Kẹ́ ẹ má sì fi kíláàsì tí ẹ ń lọ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ títí ẹ fi máa rí òmíràn, ìṣísẹ̀ 24 yẹn náà dáa, ẹ kàn máa mú ìyípo ìbàdí tí mo kọ sókè yìí wọnú ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ sọ bí orúnkún náà ṣe rí.